Bí Ilé Iṣẹ́ Tó Ń Ta Iná fún Yín ní Ìlú Ọba Bá Kógbá Sílé: Bí Ẹ Ṣe Máa Gba Owó Yín Padà

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, mo ń ro àmàlà lọ́wọ́ nígbà tí fóònù mi dún. Í-meèlì ni. Ilé iṣẹ́ tó ń ta iná àti gáàsì fún wa ló kọ ọ́, wọ́n ní àwọn ti kógbá sílé, àwọn kò ṣiṣẹ́ mọ́ láti ọjọ́ náà lọ. Mo jọ̀wọ́ orógùn. Owó wa tó wà lọ́wọ́ wọn lé ní igba pọ́n-ùn, torí gbogbo ìgbà ooru la fi ń san iye kan náà lóṣooṣù láìtan gáàsì, ká lè fi dí ti ìgbà òtútù. Ìyàwó mi yọjú láti pálọ̀, ó ní, "Ó parí, owó yẹn ti wọgbó."

Kò wọgbó. Gbogbo rẹ̀ ló padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù mẹ́rin ló gbà kó tó dé. Ohun tó mú un padà kì í ṣe ẹnu dídùn, kì í sì í ṣe ìjà orí fóònù. Fọ́tò kan ni, tí mo yà lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà.

Àwa tá à ń gbé ní England, Scotland àti Wales ni mo ń bá sọ̀rọ̀, torí òfin ibẹ̀ ni mo mọ̀. Northern Ireland ní àjọ tiwọn lọ́tọ̀. Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ àná ni. Láàárín ọdún 2021 sí 2022, nǹkan bí 30 ilé iṣẹ́ tó ń ta iná ló ṣubú. Owó gáàsì fò sókè ní ọjà àgbáyé, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ṣèlérí iye kan pàtó fún oníbàárà láìtíì ra gáàsì náà sílẹ̀. Ẹ sáà mọ ẹni tó gba owó aṣọ ẹbí lọ́wọ́ ará ilé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún, tó wá dé ọjà Balógun tó gbọ́ pé ó ti di mẹ́wàá. Avro Energy ní oníbàárà bí 580,000 nígbà tó ṣubú. Ti Bulb ju mílíọ̀nù kan ààbọ̀ lọ. Nígbà tí kálukú sì ti ń rò pé ìjì náà ti lọ, Rebel Energy tún kógbá sílé ní oṣù Kẹrin ọdún 2025.

Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan

Iná yín kò ní kú. Gáàsì yín kò ní dá. Ó máa ń ṣòro fún àwa tá a ti Nàìjíríà wá láti gba èyí gbọ́, torí lọ́dọ̀ wa, àwọn tó ń mú bíìlì wá ni wọ́n ní òpó, àwọn náà ni wọ́n ní wáyà, àwọn náà ni wọ́n sì ń gun àkàbà wá já a. Níbí, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ní wáyà, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń kọ bíìlì. Ní London, UK Power Networks ló ní wáyà iná, àwọn bíi Cadent àti SGN ló ní páìpù gáàsì. Ilé iṣẹ́ tí ẹ ń sanwó fún kàn ń rà, ó ń tà, ó ń kọ bíìlì ni. Tó bá kú, bí ìgbà tí ẹni tó ń bá yín gba owó ilé kú ni; ilé ṣì wà níbẹ̀.

Nítorí náà, ohun méjì tó máa kọ́kọ́ sọ sí yín lọ́kàn, ẹ má ṣe é.

Èkíní, ẹ má sáré pààrọ̀ lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn lóru ọjọ́ náà. Ẹ dúró títí ẹni tí wọ́n bá yàn fún yín á fi kàn sí yín. Bí ẹ bá ti lọ síbòmíràn kó tó dé, orúkọ yín lè wà ní ibi mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, owó yín á sì wá di ohun tí gbogbo wọn ń nawọ́ sí ara wọn lé lórí. Èkejì, ẹ má tíì fagi lé direct debit yín, ìyẹn àṣẹ tí ẹ fún wọn láti máa fa owó wọn nínú báńkì yín. Bí àwọn tó ṣubú bá tún fa owó kan lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ó ń wọ inú ìṣirò yín. Bí ẹ bá sì rí i pé wọ́n fa ohun tí kò yẹ, báńkì yín wà lábẹ́ ìlérí tí wọ́n ń pè ní Direct Debit Guarantee: wọ́n gbọ́dọ̀ dá owó tí wọ́n fà ní àṣìṣe padà fún yín lójú ẹsẹ̀.

Lọ síbi mítà, kó o mú fóònù dání

Kí n sọ ọ́ bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún àbúrò mi: dìde báyìí. Ẹ̀yin àgbà, ẹ forí jì mí, ẹ̀yin náà ẹ dìde. Gbogbo owó tí ẹ máa gbà tàbí tí ẹ máa pàdánù wà nínú nọ́ńbà tó wà lójú mítà ní ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ náà ṣubú. Bí ẹ kò bá ní nọ́ńbà yẹn, wọ́n á fojú bù ú, ojú tí wọ́n sì fi ń bù ú kì í ṣe ojú yín.

Tiwa wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù lábẹ́ àtẹ̀gùn, lẹ́yìn báàgì ìrẹsì àti bàtà tí kò ní ẹnì kejì. Mo kó gbogbo rẹ̀ síta, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo fi ìka nu eruku ojú mítà kúrò. Mo ya fọ́tò méjì fún iná, méjì fún gáàsì: ọ̀kan tó fi nọ́ńbà tó ń yí hàn, ọ̀kan tó fi nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára mítà fúnra rẹ̀ hàn. Èyí kejì yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun ni kò ní jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé mítà aládùúgbò lẹ yà.

Ẹ ka nọ́ńbà láti òsì sí ọ̀tún. Èyí tó bá pupa tàbí tó wà lẹ́yìn àmì tó-tó (.), ẹ fi í sílẹ̀. Bí iná yín bá jẹ́ Economy 7, tí owó òru yàtọ̀ sí ti ọ̀sán, nọ́ńbà méjì ló wà níbẹ̀, ẹ kọ méjèèjì. Bó bá jẹ́ smart meter, mítà tó ń fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ má ya ẹ̀rọ kékeré tó wà nínú kíṣìnì. Owó lòun máa ń sọ, kì í sì í ṣe mítà. Ẹ lọ bá mítà gan-an, ẹ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ títí nọ́ńbà kWh, ìwọ̀n iná tí ẹ lò, á fi yọ.

Ẹ wo mítà gáàsì dáadáa. Ti àtijọ́ ń fi ft³ (cubic feet) ka gáàsì, nọ́ńbà dúdú mẹ́rin ló máa ń ní. Tuntun ń fi m³ (cubic metres) kà á, ó ní márùn-ún. Bí ilé iṣẹ́ tuntun bá gba ọ̀kan fún èkejì, bíìlì yín lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ohun tí ẹ lò, tàbí kó dín kù sí ìdá mẹ́ta, kí wọ́n tó wá bá yín gba ìyókù lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ft³ ni tàbí m³ ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi àwọn fọ́tò náà ránṣẹ́ sí í-meèlì ara yín. Ọjọ́ á wà lórí í-meèlì yẹn, kò sì sí ẹni tó lè bá a jiyàn.

Ẹ kó ìwé yín jáde kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn

Ẹ wọ account yín lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣubú náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó lè jẹ́ pé wọ́n á ṣí i sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì lè jẹ́ pé lọ́la ni wọ́n á tì í. Bíìlì tó kẹ́yìn, ìwé tó fi iye owó yín tó wà lọ́wọ́ wọn hàn, orúkọ àdéhùn tí ẹ wà lórí rẹ̀, nọ́ńbà account, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ gbà sórí fóònù. Bí kò bá ṣeé gbà, ẹ ya ojú kọ̀ǹpútà ní fọ́tò. Ẹ wá lọ sí báńkì yín, ẹ kó àkọsílẹ̀ owó tí ẹ ti san fún wọn láti ọdún kan sẹ́yìn.

Ẹni tí ìjọba bá yàn fún yín

Ofgem ni àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná àti gáàsì. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á pe àwọn ilé iṣẹ́ tó ṣì dúró, wọ́n á bi wọ́n léèrè pé ta ló lè gba àwọn oníbàárà yìí, lórí àdéhùn wo, wọ́n á sì mú ọ̀kan. Supplier of Last Resort ni wọ́n ń pè é. Ẹ kò ní ẹnu níbẹ̀. Àwọn oníbàárà Avro lọ sọ́dọ̀ Octopus, ti Igloo lọ sọ́dọ̀ E.ON Next, ti Rebel lọ sọ́dọ̀ British Gas. Orúkọ tí wọ́n bá mú máa wà lórí ìkànnì Ofgem. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti kà á, ẹ má gbà á gbọ́ lẹ́nu ẹni tó pè yín lórí fóònù.

Nǹkan tuntun tí ẹ máa bá ara yín lórí rẹ̀ ni deemed contract, àdéhùn tí ẹ kò fọwọ́ sí ṣùgbọ́n tí òfin kà sí pé ẹ ti gbà nítorí pé iná ń jó nílé yín. Ní ilé gbígbé, kò lè ju òdiwọ̀n owó tí Ofgem là kalẹ̀ lọ, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí price cap. Kò sì ní owó ìjáde. Lọ́jọ́ tí ẹ bá rí ibi tó dínwó, ẹ lè lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ní sùúrù kí owó yín ti orúkọ àwọn àtijọ́ bọ́ sí orúkọ àwọn tuntun ná, kí ẹ sì rí i lórí ìwé.

Fún ilé iṣẹ́ tó bá tóbi jù, ọ̀nà náà yàtọ̀. Ti Bulb kò pín sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021. Ìjọba fi owó ìlú gbé e ró, àwọn administrator, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń yàn láti mójú tó ilé iṣẹ́ tó bá ṣubú, ń darí rẹ̀, ó sì ń ta iná lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é, títí Octopus fi gbà á ní oṣù Kejìlá ọdún 2022. Bó bá jẹ́ irú rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ sí yín, direct debit ń lọ, àdéhùn ń lọ, owó yín ń bẹ níbẹ̀. Fọ́tò mítà nìkan ni iṣẹ́ yín.

Owó yín: bí ẹ ṣe máa ṣírò rẹ̀ fúnra yín

Ẹ má dúró de ìṣirò wọn. Ẹ ṣe tiyín sílẹ̀. Bí tiwa ṣe rí rèé. Ìwé tó kẹ́yìn ní £180 ni tiwa lọ́wọ́ wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù. A tún san £90 láàárín oṣù. Láti ọjọ́ tí wọ́n kọ ìwé yẹn títí di alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ṣubú, mo fi nọ́ńbà ojú mítà yọ ohun tá a lò, mo fi owó ìdúró ojoojúmọ́ (standing charge, tí à ń san bóyá a lo iná tàbí a kò lò ó) kún un, ó jẹ́ £56. Ó ku £214. Mo kọ ọ́ sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ìjọ wa.

Nígbà tí ìwé tiwọn dé lẹ́yìn oṣù méjì, £151 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Wọ́n ti fojú bu gáàsì. Mo fi fọ́tò ránṣẹ́, mo fi ìṣirò tẹ̀ lé e, kò sí ariwo. Oṣù méjì mìíràn, £214 ló wọlé.

Owó oníbàárà ilé gbígbé ni Ofgem ní kò gbọ́dọ̀ ṣègbé. Ẹni tí wọ́n yàn ló máa ń sanwó náà fún yín, tàbí kó kọ ọ́ sí account yín tuntun. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ lọ́wọ́ dípò kó jókòó sínú account, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ kedere. Ẹni tó ti kúrò lọ́dọ̀ wọn kí wọ́n tó ṣubú, tí wọn kò tíì dá owó rẹ̀ padà, owó tirẹ̀ náà sábà máa ń wà nínú àdéhùn tí Ofgem bá ẹni tuntun ṣe. Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀, tí wọ́n fi gbà pé owó àwọn ti sọnù. Ẹ kọ lẹ́tà sí ẹni tuntun náà bí ẹ kò tilẹ̀ jẹ́ oníbàárà rẹ̀.

Ẹ má sì tijú bí ẹni tó ń tọrọ. Ibi tí owó yẹn ti ń wá ni bíìlì gbogbo wa. Wọ́n máa ń pín in sórí owó ìdúró ojoojúmọ́ ilé kọ̀ọ̀kan. National Audit Office, àjọ tó ń yẹ ìnáwó ìjọba wò, ṣírò rẹ̀ ní ọdún 2022 pé àwọn 28 tó ṣubú, láìka Bulb mọ́ ọn, máa ná àwọn oníbàárà ní £2.7 bílíọ̀nù, ìyẹn nǹkan bí £94 lórí ilé kọ̀ọ̀kan. Àjọ ni a jọ dá yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò bi wá ká tó dá a. Ìgbà tó bá kàn yín láti kó, ẹ kó.

Owó gbà-má-bínú ńkọ́?

Ibí ni mo ti fẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́, torí mo ti gbọ́ ẹni tó ń sọ fún àwọn ènìyàn pé wọ́n á gba ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn nítorí pé ilé iṣẹ́ wọn ṣubú. Kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Owó yín ni ẹ máa gbà. Owó gbà-má-bínú ọ̀tọ̀ ni, kò sì sí èyí tí wọ́n ń san nítorí ìṣubú fúnra rẹ̀.

Àdéhùn dídínwó tí ẹ ní lọ́dọ̀ àwọn àtijọ́ ti bá wọn lọ. Tiwa ṣì ku oṣù méje. Bí bíìlì yín bá lọ sókè nítorí ẹ, kò sẹ́ni tó máa san ìyàtọ̀ rẹ̀. Ẹjọ́ tí ẹ ti ń bá wọn ṣe tẹ́lẹ̀, tàbí owó tí wọ́n ti ṣèlérí fún yín nítorí ìyà tí wọ́n fi jẹ yín, ẹni tuntun kò jẹ́ ẹ lábẹ́ òfin. Ẹ lè bi í. Àwọn kan á gbà. Bí kò bá gbà, ẹ di ọ̀kan lára àwọn tí ilé iṣẹ́ tó kú náà jẹ ní gbèsè, ọ̀dọ̀ administrator lẹ ó sì ti lọ tò. Báńkì máa ń wà níwájú lórí ìlà yẹn. Bó bá jẹ́ £50, èmi kò ní jẹ́ kó gba oorun lójú mi.

Ibi tí owó gbà-má-bínú ti wà gan-an ni ìwà ẹni tuntun. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbà yín, ẹ̀ṣẹ̀ wọn ti di tiwọn. Bí wọ́n bá fi owó yín falẹ̀ láìsí ìdí, tí wọ́n kọ bíìlì méjì, tí wọn kò dá yín lóhùn, ẹ kọ ẹ̀sùn. Kí ẹ sì lo ọ̀rọ̀ náà complaint nínú í-meèlì yẹn, láti òkè. Bí ẹ kò bá lò ó, wọ́n lè kà á sí ìbéèrè lásán, ìbéèrè kò sì ní ọjọ́ ìparí. Complaint ní in: ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ẹ kọ nọ́ńbà account, nọ́ńbà ojú mítà pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, iye tí ẹ ṣírò, àti ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe. Ohun tí ẹ fẹ́, ẹ sọ iye rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wò ó" kì í ṣe ohun tí ènìyàn fẹ́.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ bá pé láìsí ìyanjú, tàbí tí wọ́n fún yín ní deadlock letter pé ibi tí agbára àwọn mọ nìyí, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ Energy Ombudsman, ẹni tó ń dá ẹjọ́ láàárín oníbàárà àti ilé iṣẹ́ iná. Ọ̀fẹ́ ni. Bí wọ́n bá ti fún yín ní lẹ́tà yẹn, ọdún kan lẹ ní láti lọ, ẹ má jẹ́ kó kọjá. Ombudsman lè ní kí wọ́n tún bíìlì ṣe, kí wọ́n tọrọ àforíjì, kí wọ́n sì san owó, títí dé £10,000, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ ni ti ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń jẹ́. Bí ẹ bá gba ìdájọ́ náà, ó de ilé iṣẹ́ náà. Bí ẹ kò bá gbà á, kò dè yín.

Owó kékeré mìíràn tún wà tí kò gba ẹjọ́. Nígbà tí ẹ bá fẹsẹ̀ ara yín kúrò lọ́dọ̀ ẹni tuntun náà lọ síbòmíràn, wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín ní bíìlì ìkẹyìn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí wọ́n sì dá owó yín padà láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá lẹ́yìn bíìlì yẹn. Bí wọ́n bá kùnà, £40 ni, láti ọdún 2025. £30 ni tẹ́lẹ̀. Ó yẹ kó wá fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ béèrè. Bí kò bá wá lásìkò, £40 mìíràn gun orí rẹ̀.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ jẹ wọ́n

Gbèsè kì í bá ilé iṣẹ́ kú. Ẹni tuntun lè rà á, tàbí kí administrator fi sọ́wọ́ àwọn agbowó gbèsè. Àǹtí kan nínú ìjọ wa gba irú lẹ́tà yẹn ní ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ti gbàgbé: £389, ìwé pupa, ọjọ́ méje. Ó ti fẹ́ lọ yá owó nínú èsúsú kó tó pè mí.

"Àǹtí mi, ṣé ẹ mọ ohun tí owó yìí jẹ́?"

"Mi ò mọ̀. Wọ́n ṣáà ní gbèsè iná ni."

A kọ̀wé pé kí wọ́n fi ìṣirò hàn: láti ọjọ́ wo dé ọjọ́ wo, nọ́ńbà mítà wo ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, èwo ni wọ́n fi parí. Ìṣirò náà ka oṣù mẹ́ta tí àǹtí ti wà lọ́dọ̀ ẹni tuntun mọ́ ọn. Ó wá di £112, wọ́n sì jẹ́ kó san án ní díẹ̀díẹ̀. Ẹ má san gbèsè kankan tí wọn kò tíì ṣàlàyé lórí ìwé.

Òfin kan tún wà: ilé iṣẹ́ tó ní láísẹ́ńsì kò gbọ́dọ̀ gba owó iná tí ẹ lò ní ohun tó ju oṣù 12 lọ sẹ́yìn, tó bá jẹ́ pé ẹ̀bi wọn ni wọn kò fi kọ bíìlì rẹ̀ lásìkò. Wàhálà ibẹ̀ ni pé administrator kì í ṣe ẹni tó ní láísẹ́ńsì, kò sì dè wọ́n bó ṣe de àwọn yòókù. Ẹ mẹ́nu bà á síbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi kí (key) tàbí káàdì sanwó iná kí ẹ tó lò ó

Ẹ máa fi kí àtijọ́ yẹn ra iná lọ títí ti tuntun á fi dé. Owó tó ti wà lórí mítà kò lọ síbì kankan. Bí ṣọ́ọ̀bù bá ní kò ṣiṣẹ́, ẹni tuntun náà ni kí ẹ pè kíákíá, kí ẹ sì sọ fún wọn bí ọmọ kékeré, arúgbó tàbí aláìsàn bá wà nílé. Wọ́n gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe sí i. Ẹni tó bá ń gba Warm Home Discount, £150 ìgbà òtútù yẹn, kó bi wọ́n léèrè ní tààràtà bó ṣe máa rí lọ́dọ̀ tiwọn.

Ṣọ́ọ̀bù, ilé ìjẹun, ilé ìjọsìn

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù nìyí, àwọn sì ni kì í gbọ́. Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ nípa owó tí kò gbọ́dọ̀ ṣègbé, ti ilé gbígbé ni. Owó ilé iṣẹ́ kò ní ààbò yẹn. Ẹni tó ń dirun ní Rye Lane ní London, ẹni tó ń ta ọ̀fadà, ìjọ tó háyà gbọ̀ngàn lórí àdéhùn oníṣòwò, bí ilé iṣẹ́ iná wọn bá ṣubú, iná ò ní kú, àmọ́ owó wọn tó wà níbẹ̀ dà bí ohun tó bọ́ sódò. Ẹni tuntun lè pinnu láti san án; kò sí ẹni tó lè fi ipá mú un. Bí kò bá san, ẹ gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ administrator, proof of debt ni wọ́n ń pè é, ẹ kọ iye yín síbẹ̀, kí ẹ sì máa retí kọ́bọ̀ díẹ̀ lórí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn ọdún mélòó kan.

Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún olùtọ́jú owó ìjọ wa pé kó má ṣe jẹ́ kí owó pọ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ iná. Ẹ máa san ohun tí ẹ lò lẹ́yìn tí ẹ lò ó, kí nọ́ńbà mítà sì máa lọ lóṣooṣù. Bí owó bá ga sókè, ẹ béèrè rẹ̀ padà nígbà tí wọ́n ṣì ń gbé fóònù. Price cap kò sì bo oníṣòwò: deemed contract tiyín lè wọ́n gan-an, nítorí náà ẹ̀yin kò ní àkókò tí àwa tá a wà nílé ní. Ẹ wá àdéhùn tuntun láìpẹ́.

Àwọn gbájú-ẹ̀

Wọ́n máa ń tètè gbọ́ ju àwa oníbàárà lọ. Ní ọjọ́ kejì tí tiwa ṣubú, ẹnì kan pè mí pé òun ni ilé iṣẹ́ tuntun, kí n ka nọ́ńbà káàdì báńkì mi kí òun lè dá owó mi padà. Ofgem kò tíì yan ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ yẹn. Mo ní kó dúró kí n lọ mú káàdì, mo gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, mo sì ń fọ abọ́ mi lọ.

Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ́ pọ̀ mọ́ yín lójú, Citizens Advice, àjọ tó ń gba ará ìlú nímọ̀ràn, ní ìlà ọ̀fẹ́ fún England àti Wales, 0808 223 1133. Ẹ ní nọ́ńbà account àti nọ́ńbà ara mítà lọ́wọ́ kí ẹ tó pè, kí ẹ sì gba agbára sínú fóònù dáadáa, torí orin tí wọ́n máa fi dá yín dúró lè gùn.